Etí aláwọ̀ lára fọ́tò: bí gèlè Màmá kò ṣe ní í bọ́ sábẹ́ rẹ̀

Ìbéèrè: Màmá wa fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọdún 70. Mo fẹ́ fi etí búlúù àti góòlù, àwọ̀ aṣọ ẹbí wa, yí fọ́tò wọn ká. A máa tẹ̀ ẹ́ ní 5 × 7 íǹṣì fún àlejò, a sì máa fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. GIMP, ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ni mo ń lò lórí kọ̀ǹpútà. Férémù tí mo kọ́kọ́ dáùnlóòdù bo gèlè wọn mọ́lẹ̀. Mo fẹ kánfáàsì fúnra mi, òkè àti ìsàlẹ̀ wá fẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Mo lo Add Border, àwọ̀ apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bára mu. Èyí tí mo sì fi ránṣẹ́, ìlà góòlù rẹ̀ ti di bàìbàì. Níbo ni mo ti ń ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìnáwó o, Ọlọ́run á jẹ́ kí Màmá pẹ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí. Etí fọ́tò dà bí ìṣẹ́tí aṣọ. Télọ̀ tí kò bá fi àyè ìṣẹ́tí sílẹ̀ nígbà tó ń gé aṣọ, ara aṣọ gan-an ló máa ká sínú, bùbá á sì kúrú. Ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ iye píksẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) tí etí máa gbà, àti ibi tó máa gbà á, kí ẹ tó ṣí GIMP rárá.

Ẹ jẹ́ ká ti orí gèlè bẹ̀rẹ̀. Férémù tí èèyàn ń dáùnlóòdù, tàbí tó wà nínú áàpù fóònù, àwòrán tí àárín rẹ̀ dá lu ni. Orí fọ́tò la ń gbé e lé. Bó bá fẹ̀ tó 120 píksẹ́lì, 120 píksẹ́lì fọ́tò yín ti wọ abẹ́ rẹ̀ lọ ní apá kọ̀ọ̀kan. Gèlè ló sì máa ń kọ́kọ́ bá a lọ, torí òun ló ga jù nínú fọ́tò ìyá olóde. Fuzzy Border inú GIMP náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: fọ́tò kì í tóbi sí i, etí yẹn ń jẹ wọlé ni. Ẹni tó fẹ́ etí tó rí bíi bébà tí iná jẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe lára fọ́tò tí gèlè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè. Ohun tó yẹ yín ni kí ẹ fẹ kánfáàsì, ìyẹn àyè tí fọ́tò jókòó lé, kí àyè tuntun yọ síta, kí ẹ wá da àwọ̀ sí ibi tuntun náà.

Ẹ ti gbìyànjú ìyẹn, ẹ̀wọ̀n ló dà á rú. Nínú Image, Canvas Size, ẹ̀wọ̀n kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Width àti Height. Bó bá so, bí ẹ bá fi kún ìbú, gíga á máa fi kún ara rẹ̀ ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ wo fọ́tò 1200 × 1800 tí ẹ fẹ́ fi 60 sí ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ 1320 sí Width. 1920 ló yẹ kó wà ní Height, ṣùgbọ́n GIMP á kọ 1980. Ẹ̀gbẹ́ gba 60, òkè àti ìsàlẹ̀ gba 90. Ẹ tẹ ẹ̀wọ̀n náà kó já kí ẹ tó kọ nọ́ńbà kankan.

Ti Add Border kì í ṣe ẹ̀bi yín. Inú Filters ló wà, lábẹ́ Decor, ó sì ń fi etí síta bó ṣe yẹ. Àmọ́ wọ́n ṣe é kó dà bíi férémù onígi tí iná ń tàn sí láti òkè. Àpótí kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Delta value on color, 25 ló sì máa ń bá èèyàn níbẹ̀. GIMP á fi 25 yẹn kún àwọ̀ apá òkè, á fi ìdajì rẹ̀ kún ti òsì, á yọ ìdajì kúrò lára ti ọ̀tún, á sì yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lára ti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá mú búlúù tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 31, 42, 90 (ìwọ̀n pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù inú rẹ̀, láti 0 dé 255), òkè á di 56, 67, 115; ìsàlẹ̀ á di 6, 17, 65, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dúdú. Ẹ kọ 0 síbẹ̀, apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á bára mu. Bó bá wù yín kí etí náà hù sókè díẹ̀, 10 ti tó. 25 máa ń ṣe bíi káàdì ìkíni àtijọ́.

Ó ku ìṣirò. Fún fọ́tò tí a máa tẹ̀, 300 píksẹ́lì fún íǹṣì kan la máa ń lò. 5 × 7 íǹṣì wá jẹ́ 1500 × 2100. Ọ̀pọ̀ fóònù sì ń ya fọ́tò 3 sí 4, bíi 3000 × 4000, èyí tí kò bá 5 sí 7 mu. Bí ẹ bá fẹ́ etí 120 píksẹ́lì yíká, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà kan, àyè tó kù fún fọ́tò jẹ́ 1260 × 1860. Kí fọ́tò 3000 × 4000 tó lè kún ibẹ̀, ẹ máa gé nǹkan bíi 290 píksẹ́lì kúrò nínú ìbú rẹ̀, 145 lọ́tùn-ún, 145 lósì. Gèlè tó na ìyẹ́ ló máa san gbèsè yẹn.

Ẹ má gé e. Ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ fẹ̀ ju òkè lọ, kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá dín ìbú fọ́tò náà kù sí 1260, gíga rẹ̀ á jẹ́ 1680. Ẹ yọ 1680 kúrò nínú 2100, ó ku 420: ẹ fún òkè ní 120, ẹ fún ìsàlẹ̀ ní 300. Orúkọ Màmá àti ọjọ́ ayẹyẹ á ríbi jókòó nínú 300 yẹn. Àwọn tó ń fi bébà líle yí àwòrán ká nínú férémù ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, torí bí òkè àti ìsàlẹ̀ bá dọ́gba gan-an, lójú ẹni ó máa ń dà bíi pé àwòrán ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀.

Orí ẹ̀dà fọ́tò ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe orí ojúlówó. Ẹ ṣí i, ẹ lọ sí Image, Scale Image. Níbí, kí ẹ̀wọ̀n so. Ẹ kọ 1260 sí Width, Height á di 1680 fúnra rẹ̀. Ẹ kọ 300 sí X resolution àti Y resolution. Nínú Toolbox, àpótí àwọ̀ méjì gun ara wọn. Ti abẹ́ ni àwọ̀ ẹ̀yìn. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ kọ c9a227 sí ibi HTML notation. Góòlù nìyẹn. Ó di Image, Canvas Size: ẹ já ẹ̀wọ̀n, ẹ kọ 1284 àti 1704, ẹ tẹ Center, ẹ tẹ Resize. Etí tó ṣófo á yọ yíká, 12 píksẹ́lì, mìlímítà kan. Ẹ wá tẹ Image, Flatten Image. GIMP á da àwọ̀ ẹ̀yìn sí gbogbo ibi tó ṣófo. Bí ẹ bá ń gba ọ̀nà Flatten yìí, kò sí ìṣòro ẹ̀yà GIMP tí ẹ ní, torí àpótí Fill with kò sí nínú àwọn tó ti pẹ́.

Ẹ yí àwọ̀ ẹ̀yìn padà sí 1f2a5a, búlúù aró. Ẹ padà sí Canvas Size, ẹ kọ 1500 àti 2100, ẹ̀wọ̀n jíjá. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ má tẹ Center o. Ẹ kọ 108 sí X àti 108 sí Y lábẹ́ Offset, ẹ tẹ Resize, ẹ tún tẹ Flatten Image. 12 ti góòlù àti 108 ti búlúù jẹ́ 120 lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ìsàlẹ̀ ní 12 àti 288, ìyẹn 300.

Orúkọ ló kàn, ó sì ní wàhálà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà) alárà tí wọ́n fi ń ṣe káàdì kò mọ Yorùbá. Lẹ́tà bíi ọ̀ tàbí ẹ́ kò ní kóòdù kan ṣoṣo tirẹ̀. Lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ ni, pẹ̀lú àmì ohùn tí fọ́ǹtì gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe máa gbé kà á lórí. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ̀ ọ́n á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ kọ “Ọ̀ṣun” àti “Ẹ̀bùn” sínú rẹ̀ wò. Noto Serif, Gentium àti Charis SIL kì í dójú tini. Ẹ kọ orúkọ náà ní àwọ̀ góòlù tí ẹ lò fún ìlà. Àwọ̀ kẹta kò pọn dandan.

Ní ti àwọ̀ aṣọ ẹbí fúnra rẹ̀, ẹ lè mú un lára fọ́tò pẹ̀lú Color Picker, ẹ tẹ lẹ́tà O. Ẹ fi àmì sí Sample average, kí ẹ gbé radius rẹ̀ sí nǹkan bíi 10, torí píksẹ́lì kan ṣoṣo lè bọ́ sínú ihò léèsì tàbí sórí òkúta tó ń dán. Ẹ má mú un níbi tí fíláàṣì ti là á, ẹ má sì mú un níbi tí aṣọ ti ká pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un ṣókùnkùn díẹ̀ ju bí ẹ ṣe rí i lọ. Aṣọ tó wà lára èèyàn ní òjìji àti ìmọ́lẹ̀. Etí fọ́tò kò ní, àwọ̀ kan náà ni látòkè délẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń pariwo ju aṣọ lọ. Yẹ́lò 255, 255, 0 á gba ojú àlejò mọ́ ìyá olóde lọ́wọ́.

Búlúù 0, 0, 255 náà, ẹ yẹra fún un bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Iná ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe é lójú síkíríìnì. Íńkì ò lè ṣe irú rẹ̀, yóò jáde ní elésè àlùkò tó ti kú. Búlúù aró kì í ní wàhálà yẹn. Góòlù kì í sì í dán lórí bébà bíi góòlù gidi, yẹ́lò tó pọ́n díẹ̀ ni. Ìlà 12 píksẹ́lì kò nílò ohun kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà tó bá fẹ̀ tó 40 ló yẹ kí ẹ fi Gradient (àwọ̀ tó ń yí díẹ̀díẹ̀) tàn díẹ̀, láti 8a6b1e sí f3de8a.

Ní láàbù tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò, ohun méjì ń ba etí jẹ́. Ẹ̀rọ tó ń tẹ fọ́tò dé etí bébà máa ń mú un tóbi díẹ̀, á wá gé ohun tó bá yọ síta dànù. Bí etí bá jẹ́ mìlímítà méjì péré, apá kan lè di mẹ́ta, kí apá kejì tán pátá. Sẹ̀ǹtímítà kan tí ẹ ní yìí á fara da irú ìgékúgèé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣì sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 100 nínú 100, kí wọ́n má “fi kún bébà”. Ohun kejì ni férémù onígi. Ètè férémù máa ń bo bíi mìlímítà 6 mọ́lẹ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nǹkan bíi 71 píksẹ́lì. Nínú 108 ti búlúù, 37 péré ló máa hàn. Èyí tí Màmá fẹ́ gbé kọ́ ògiri yàtọ̀ sí ti àlejò nìyẹn: ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ dín fọ́tò kù sí 1116 × 1488. Pẹ̀lú góòlù, ó di 1140 × 1512. Nínú 1500 × 2100, ẹ̀gbẹ́ búlúù jẹ́ 180. Ẹ kọ 180 sí Offset méjèèjì.

WhatsApp ló kù. JPEG, irú fáìlì tí a sábà ń fi fọ́tò pamọ́ sí, ń tọ́jú ìmọ́lẹ̀ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń pa àwọ̀ píksẹ́lì mẹ́rin pọ̀ di ọ̀kan kí fáìlì lè fúyẹ́. Lára awọ ojú èèyàn, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Lára ìlà góòlù tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlúù, àwọ̀ méjèèjì á wọnú ara wọn, ìlà á sì di ẹrẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń Export, ẹ ṣí Advanced Options, ẹ gbé Quality sí 92, ẹ yan 4:4:4 níbi Subsampling. Ìyẹn tọ́jú tiyín, ṣùgbọ́n WhatsApp náà á tún dín ìwọ̀n fáìlì náà kù fúnra rẹ̀ bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document, bó ṣe rí náà ló máa dé. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ jù tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà: ìlà 4 píksẹ́lì lára fọ́tò tó ga tó 4000, bí wọ́n bá dín fọ́tò náà kù sí 1000, píksẹ́lì kan péré ló kù nínú ìlà. Ìdí nìyẹn tí a fi dín fọ́tò kù ná, ká tó fi etí sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gbé e sí àwòrán orí WhatsApp rẹ̀, kó lo èyí tí kò ní etí, torí inú òbìrí ló máa wà, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ti lọ.

Ẹ ò béèrè nípa àdìrẹ, ṣùgbọ́n pẹ̀lú búlúù aró lọ́wọ́ yín, ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn má dárúkọ rẹ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, torí wọ́n ti pín in sí àpótí onígun mẹ́rin láti ìpilẹ̀. Ẹ wo irú tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn: òpó gbọ̀ngàn Mápó wà nínú àpótí kan, ohun mìíràn wà nínú èkejì. Ẹ mú àpótí kan ṣoṣo. Ẹ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, kó nà dáadáa, lábẹ́ òjìji, ẹ ya á láti òkè gan-an. Bí apá kan aṣọ bá ṣókùnkùn ju èkejì lọ, nígbà tí ẹ bá tún un tẹ̀ léra, yóò rí bíi pátákó dúdú-funfun. Ẹ gé e ní àárín ìlà tó pín àwọn àpótí náà, kí etí ọ̀tún lè bá etí òsì pàdé, kí ẹ sì dín in kù sí 150 × 150.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 150? Torí ó pín 1500 sí 10, ó sì pín 2100 sí 14 láìkù. Kò sí òpó Mápó tó máa gé sí méjì ní igun fọ́tò. Ẹ fi Ctrl+C mú un. Ẹ lọ sórí fọ́tò Màmá tí ẹ ti dín kù sí 1200 × 1600, Canvas Size 1500 × 2100, 150 ní Offset méjèèjì. Ẹ dá lẹ́yà (ìpele àwòrán) tuntun sí i, 1500 × 2100. Nínú Patterns, ẹ yan èyí tó wà níwájú gbogbo wọn, òun ni ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Ẹ tẹ Edit, Fill with Pattern. Layer, Stack, Layer to Bottom á gbé e lọ sábẹ́ fọ́tò. Etí àdìrẹ jẹ́ ẹyọ kan yíká, ó sì ku 200 píksẹ́lì lábẹ́ fọ́tò tí orúkọ máa wà. Ẹ fi Rectangle Select mú un: Position 150 àti 1750, Size 1200 àti 200. Lórí lẹ́yà àdìrẹ náà, ẹ da búlúù tàbí funfun sí i, torí orúkọ tí a bá kọ sórí àdìrẹ kò ṣeé kà.

Ẹni tó bá ń lo Photoshop dípò GIMP, Canvas Size tibẹ̀ ní Relative. Bí ẹ bá fi àmì sí i, nọ́ńbà tí ẹ kọ jẹ́ ti apá méjèèjì lápapọ̀. 24 ló máa fún yín ní 12 ní apá kọ̀ọ̀kan. Stroke (ìlà tó ń yí àwòrán ká) inú Layer Style kì í hàn bí ẹ bá fi sí Outside lára fọ́tò tó kún kánfáàsì, torí kò sí ìta kankan fún un láti wà. Bí ẹ bá sì fẹ kánfáàsì, Outside máa ń mú kí igun rí roboto.

Bí ọjọ́ ìnáwó bá kọjá tí ẹ ní fọ́tò 200 tí ẹ fẹ́ fi etí kan náà sí, ẹ má fọwọ́ ṣe é. ImageMagick, ètò tí a ń kọ àṣẹ fún láti tún fọ́tò púpọ̀ ṣe, á ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ dá fódà tuntun kan sínú ibi tí fọ́tò wà, ká pè é ní etí láìsí àmì, kí ẹ wá ṣí Terminal, ibi tí a ń kọ àṣẹ sí, nínú fódà tí fọ́tò wà, kí ẹ kọ èyí:

mogrify -path eti -auto-orient -resize 1260x1680 -bordercolor "#c9a227" -border 12x12 -bordercolor "#1f2a5a" -border 108x108 -background "#1f2a5a" -gravity north -extent 1500x2100 -density 300 -units PixelsPerInch *.jpg

Bí ẹ bá gbàgbé -path, orí ojúlówó ló máa kọ ọ́ lé, kò sì sí ọ̀nà àbáyọ. Ẹ má yọ àmì àyọlò kúrò lára nọ́ńbà àwọ̀, torí lójú Linux, ohun tó bá tẹ̀ lé # jẹ́ àkíyèsí lásán. -auto-orient ni kò jẹ́ kí fọ́tò tí wọ́n ya lóòró dùbúlẹ̀. Fọ́tò ìbú, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: 1260 × 945 ni wọ́n máa jẹ́, búlúù á sì gba ìdajì ìsàlẹ̀ bébà. Fún wọn, ẹ yí -resize sí 1680x1260, ẹ yí -gravity sí west, -extent sí 2100x1500; àyè fífẹ̀ náà á wá wà lọ́wọ́ ọ̀tún.